Àrẹ̀mọ Tó Sá Àsálà

Ìtàn kan wà tí sísọ rẹ̀ kì í sú àwọn onífíìmù: ọmọ tí adé tọ́ sí, tí ilé kò gbà mọ́, tó di èrò ẹ̀yìn odi, tó sì wá jọba lẹ́yìn ọ̀rẹyìn. Simba ni nínú The Lion King lọ́dún 1994. Arẹ́sẹ̀jábàtá ni nínú Ṣaworoidẹ tí Túndé Kèlání gbé jáde lọ́dún 1999. Ní Wàrí, ìtàn ìwáṣẹ̀ ìlú fúnra rẹ̀ ni. Wọ́n ní ní nǹkan bí ọdún 1480, ọba Bìní fi Ginuwa ọmọ rẹ̀ sínú àpótí igi ìrókò pẹ̀lú àwọn ọmọ ìjòyè, ó ní kí wọ́n gbé e lọ sétí omi. Ginuwa yìí ló di Olú àkọ́kọ́ fún àwọn Ìṣẹ́kírì, tí èdè wọn bá tiwa tan. Orúkọ oyè wọn, Ogiame, ṣì ń rántí ìrìn náà: èdè Ẹ̀dó ni, ọba omi ló túmọ̀ sí.

Ó wù mí kí àwa tí à ń kọ ìtumọ̀ sábẹ́ fíìmù, àti àwa tí à ń sọ ọ́ fọ́mọ nílé, fún ìtàn yìí ní ọ̀rọ̀ tó yẹ ẹ́.

Gbogbo ọmọ tí ọba bí ni ọmọba, lọ́kùnrin lóbìnrin. Àkọ́bí ọkùnrin nìkan ni àrẹ̀mọ. Bí a bá pe Ginuwa ní ọmọba lásán, ìdí ìjà òun àti àwọn ìjòyè Bìní ti bọ́ sọnù, nítorí pé òun ni adé ń bọ̀ wá kàn ni àwọn ìjòyè kò ṣe fẹ́ ẹ.

Èyí tó dùn mí jù ni "wọ́n lé e kúrò nílùú", tí a ń dà bo gbogbo wọn. Ẹni tí ìlú kọ̀ lójúkojú ni à ń lé. Baba Ginuwa ló rán an jáde. Ginuwa sá àsálà fún ẹ̀mí rẹ̀ ni. Arẹ́sẹ̀jábàtá kéré, kò lè dá sá, gbígbé ni wọ́n gbé e sá. Simba ńkọ́? Wọ́n purọ́ fún un pé òun ló ṣekú pa baba rẹ̀, ìtìjú ló sì lé e. Ọ̀rọ̀ ìṣe tí a bá yàn ló ń sọ ọrùn ẹni tí ẹ̀bi wà.

Bí ìtàn bá sì dé orí ìlú tuntun, ẹ má ṣe sọ pé wọ́n dá a sílẹ̀. Ẹgbẹ́ là ń dá sílẹ̀. Ìlú, a máa ń tẹ̀ ẹ́ dó ni.

Oyè sì rèé, jíjẹ là ń jẹ ẹ́. Lọ́jọ́ 21 oṣù kẹjọ ọdún 2021, ní Òde-Ìṣẹ́kírì, Ogiame Atuwatse Kẹta jẹ Olú Wàrí. Ohùn àárín ni. Bí a bá fi àmì òkè sí i, tó di "jẹ́", a kàn ń sọ ẹni tí ó jẹ́ ni, a ò sọ ìgbà tó gorí ìtẹ́. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí Simba ló ti jẹ́ àrẹ̀mọ. Kò jẹ ọba àfìgbà tó padà wá kojú Scar tó purọ́ fún un.