Fún Ọ̀dọ́ Olùkọ́ Yunifásítì Tó Fẹ́ Dárúkọ Ìwé

Ọmọ mi, kí o tó kọ orúkọ ìwé sójú pátákó, fetí sí mi.

1. Béèrè iye tí ìwé jẹ́ kí o tó dárúkọ rẹ̀. Ìwọ lo ń yàn, ẹlòmíràn ló ń sanwó, bíi ti dókítà tó kọ oògùn fún aláìsàn. Akẹ́kọ̀ọ́ ò lè ná ọjà yìí, kò sì lè yà sí ìsọ̀ kejì. O ò sì lè fojú mọ èyí tí kò lówó nínú wọn: gbogbo aláǹgbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run.

2. Má so ìwé mọ́ máàkì. Gbọ́ èyí dáadáa, torí èmi náà ṣe é. Nígbà tí mo wà lọ́jọ́ orí rẹ, mo tẹ hándáòtù. Olórí kíláàsì ń bá mi tà á, ó ń kọ orúkọ àwọn tó rà á sínú lísìtì, ó sì ń gbé e wá fún mi. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé ẹni tí kò bá rà á máa féèlì. Lísìtì ti bá mi sọ ọ́. Lọ́jọ́ kan mo rí ọmọbìnrin kan tó ti fi ọwọ́ da gbogbo rẹ̀ kọ sínú nóòtù, ojú ewé 61, síbẹ̀ ó yáwó wá san. Ó ní orúkọ òun lòun ń sanwó rẹ̀. Ojú tì mí.

3. Ìwé tìrẹ kì í ṣe èèwọ̀. Ta ló ní kí alágbẹ̀dẹ má fi ọkọ́ ara rẹ̀ roko? Ṣùgbọ́n àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ ní ẹ̀ka ni kó sọ pé ó dára, kì í ṣe ìwọ.

4. Má fi ìwé ọ̀gá rẹ nìkan bọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Nínú ẹ̀kọ́ Yorùbá, ẹni tó ka gírámà Ayọ̀ Bámgbóṣé ti 1966 láìka ti Ọládélé Awóbùlúyì ti 1978, ẹjọ́ ẹnìkan ló gbọ́, torí àwọn àgbà méjèèjì ò fẹnu kò lórí ohun gbogbo. Kò dìgbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ra ìwé méjèèjì. Kó méjèèjì sí láíbìrì.

5. Wá ti ọ̀fẹ́ ná. Láti 2012 ni OpenStax ti Yunifásítì Rice ní Amẹ́ríkà ti ń gbé ìwé físíìsì, bàọ́lọ́jì àti ọrọ̀ ajé sórí íntánẹ́ẹ̀tì láìgba kọ́bọ̀. Òótọ́ ni pé dọ́là ló kún inú àpẹẹrẹ wọn. Ìwọ fi náírà ṣàlàyé.

6. Bí aṣojú ilé ìtẹ̀wé bá mú àpòòwé wá, tó ní owó epo ọkọ̀ ni, dá a padà. Orí iye ìwé ló máa bù ú lé. Ẹ̀dà kan tó bá fi sílẹ̀ kí o yẹ̀ wò, gbà á. Bí o bá kà á tán, láíbìrì ni kó sùn.