Ẹ̀kọ́ Oṣù Yìí: Gáréèjì Ilé Tó Kún Fọ́fọ́, Owó Wa Ló Há Síbẹ̀

  

Ẹ̀kọ́ tí a fẹ́ kọ́ lóṣù yìí dá lórí gáréèjì. Kì í ṣe gáréèjì Kétu tí a ti ń wọ mọ́tò ni mo ń sọ o. Gáréèjì inú ilé ni, yàrá tí wọ́n kọ́ kí mọ́tò lè máa sùn síbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa: ilé mélòó nínú ilé wa ni mọ́tò ṣì ń sùn nínú gáréèjì? Ní Ìkòsì, ní Kétu, títí dé Mile 12, bí ẹ bá ṣí gáréèjì ìyá ọlọ́jà, agbọ̀n òfìfo lẹ máa bá níbẹ̀, àti àpò, bẹ́ǹṣì tó ti kán, jẹnẹrétọ̀, táyà, ìkòkò ìnáwó, pẹ̀lú ẹrù ọmọ tó ti lọ sílé ọkọ láti ọdún márùn-ún. Ẹni tí kò ní gáréèjì, kó má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ yìí ò kan òun. Abẹ́ àtẹ̀gùn, kọ́rídọ̀, ẹ̀yìnkùlé tí a fi páànù bò, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn.

BÍ Ó ṢE KÚN

Kì í ṣe pé a jẹ́ ọ̀bùn. Ọ̀rọ̀ náà ní bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 2020, nígbà tí àrùn Kòrónà dé, ìjọba Èkó ti ọjà pa, àfi ti oúnjẹ àti oògùn. Àwa tí à ń ta oúnjẹ gan-an, ọjọ́ kan sí méjì là ń ṣí, wákàtí díẹ̀ la sì ń lò. Ọ̀pọ̀ wa ló kó ẹrù lọ sílé nígbà yẹn. Nígbà tí ọjà ṣí padà, àwa padà sọ́jà, ẹrù ò bá wa padà.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ epo dé. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, Ààrẹ Tinúbú kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, bẹntiróòlù tí kò tó igba náírà fún lítà kan ti ń sún mọ́ 500. Àwọn kan lára wa ta mọ́tò wọn. Àyè mọ́tò ṣófo, ẹrù sì jókòó síbẹ̀ bíi onílé.

OHUN TÍ OJÚ MI RÍ

Kí ẹ má bàa rò pé mo ń bá ẹnìkan wí, ara mi ni máa fi ṣe àpẹẹrẹ. Ní ọdún kan, nígbà tí ẹ̀wà wọ́n-wọ́n wálẹ̀, mo ra àpò mẹ́ta, mo kó o sí gáréèjì, mo ní kó dúró dìgbà tí owó rẹ̀ bá gòkè. Lẹ́yìn náà ni a ṣe ìkómọ, a kó àga sí i. A kó agbọ̀n sí i. A ta tapólì lé e lórí nítorí òjò. Nígbà tí ẹ̀wà wá gbówó lórí, mo wọlé lọ gbé ẹ̀wà mi, àpò kan ṣoṣo ni mo rí.

Ọmọbìnrin kan wà tó ń bá mi gbé, tó ń bá mi tọ́jú ọjà. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ọkàn mi lọ tààrà. Ó sunkún, ó búra, ó ní òun ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀wà. Mi ò gbà. Mo dá a padà fún ìyá rẹ̀, mo sì sọ ìdí rẹ̀ lójú àwọn ará ilé.

Ó tó oṣù méjì lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n mú iná lọ lálẹ́, mo gbé àtùpà, mo fẹ́ wá báńsìn nínú gáréèjì. Bí mo ṣe ní kí n ṣílẹ̀kùn, òórùn bẹntiróòlù kọlù mí. Kẹ́ẹ̀gì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀ ti ń jò. Ọlọ́run ló ní kí n sá sẹ́yìn pẹ̀lú àtùpà náà. Tí mo bá ti gbé ẹsẹ̀ kan sí i, ẹlòmíràn ni ì bá máa kọ ìwé yìí fún yín.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a kó gbogbo nǹkan síta. Lábẹ́ tapólì, lẹ́yìn àga, ibẹ̀ ni àpò ẹ̀wà méjèèjì wà. Kòkòrò ti lọ ọ̀kan di ìyẹ̀fun. Eku ti bímọ sínú ìkejì. Mo lọ kúnlẹ̀ fún ọmọ yẹn àti ìyá rẹ̀. Wọ́n ní àwọn ti dárí jì mí, ṣùgbọ́n ọmọ náà ò padà sọ́dọ̀ mi mọ́, mi ò sì lè bá a wí. Owó ẹ̀wà, a lè rí òmíràn. Orúkọ ọmọ ọlọ́mọ tí mo bà jẹ́ nítorí pé mi ò mọ ohun tó wà nínú gáréèjì mi, ìyẹn ò lówó.

OHUN MẸ́TA TÓ Ń FARA PAMỌ́ SÍNÚ ẸRÙ

Èkíní ni iná. Ooru tó ń jáde lára bẹntiróòlù wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Kì í gòkè, ilẹ̀ ló ń fà bí ejò, ó sì lè rìn dé ibi tí iná wà ní ìkángun yàrá. Ìdí nìyẹn tí kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù kò fi gbọdọ̀ bá àpò àti agbọ̀n gbé. Ẹni tó bá rántí iná tó jó ní ààtàn Olúṣosùn ní Òjòtá ní oṣù kẹta ọdún 2018 mọ bí pàǹtí ṣe ń gbé iná. Tí iná bá ṣẹlẹ̀, ẹ sá jáde kọ́kọ́, kí ẹ tó pe 767 tàbí 112, ọ̀fẹ́ ni.

Jẹnẹrétọ̀ náà ń kọ́? Ẹ má tan án nínú gáréèjì, kódà bí ilẹ̀kùn bá ṣí sílẹ̀. Nínú èéfín rẹ̀ ni májèlé kan wà tí kò ní òórùn, tí ojú ò rí. Ẹni tó ń fà á símú á rò pé oorun ló ń kun òun ni, kò sì ní jí mọ́. Ìta gbangba ni kó wà, kó jìnnà sí fèrèsé, kí ẹnu èéfín rẹ̀ kọjú síbi tí kò sí ènìyàn.

Èkejì ni eku. Ibà Lassa, tí wọ́n kọ́kọ́ mọ̀ ní ọdún 1969 ní ìlú Lassa ní ilẹ̀ Bọ̀rnó, inú ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku ló ti ń wọ oúnjẹ ènìyàn. Àwa tí à ń ta gààrí, ẹ̀wà, ìrẹsì àti ata gbígbẹ, ọ̀rọ̀ eku ju ọ̀rọ̀ ìríra lọ fún wa. Ẹnu àwọn oníbàárà wa ni ọjà wa ń lọ.

Àwọn kan á ní, ṣebí oògùn wà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi oògùn kòkòrò sínú oúnjẹ. Ní ọdún 2015, àwọn ará Yúróòpù dá ẹ̀wà Nàìjíríà dúró nítorí oògùn tí wọ́n ń pè ní dichlorvos tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ní ọdún 2019, NAFDAC fòfin de títa ìgò kékeré oògùn yìí lọ́jà. Oníbàárà tó jẹ ẹ̀wà olóògùn lè má padà wá, kì í ṣe nítorí ìbínú.

Ẹ̀kẹta ni omi. Odò Ògùn ò jìnnà sí wa. Bí omi bá pọ̀ jù ní ìsédò Ọ̀yán, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1983, wọ́n á tú díẹ̀ sílẹ̀, á bá odò Ògùn sọ̀kalẹ̀ wá. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2010, omi lé àwọn ará Ajégúnlẹ̀ ojú ọ̀nà Ìkòròdú àti agbègbè rẹ̀ jáde nílé wọn. Ilẹ̀ gáréèjì ló sábà máa ń relẹ̀ jù nínú ilé, ibẹ̀ ni omi ń kọ́kọ́ wọ̀.

BÍ A Ó ṢE TÚN UN ṢE

1. Ẹ yan ọjọ́ kan. Láti ìgbà WAI ti Bùhárí àti Ìdíàgbọn ni a ti mọ ọjọ́ Sátidé ìmọ́tótó. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2016, ìjọba Èkó fòpin sí títi ènìyàn mọ́lé lọ́jọ́ náà. Ìjọba ì báà ní kí a ṣe é, ì báà má ní, àwa fúnra wa lè mú Sátidé kan. Ọjọ́ tí kò sí òjò ni, láàárọ̀ kùtùkùtù, pẹ̀lú àwọn ọmọ.

2. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ síta. Ẹ má ṣe é ní igun kan lónìí, igun kan lọ́la. Bí ẹ bá ń ti ẹrù láti igun dé igun, eku náà ń kó lọ pẹ̀lú yín ni. Bẹntiróòlù àti kẹrosíìnì ni kó kọ́kọ́ jáde. Ẹ má gbá ìgbẹ́ eku ní gbígbẹ, eruku rẹ̀ ló ń pani lára. Ẹ wọ́n omi tí a po bílíìṣì mọ́ sí i, ẹ jẹ́ kó rọ̀, ẹ fi nylon bọ ọwọ́, kí ẹ tó nù ún.

3. Ẹ pín in sí mẹ́rin lórí ilẹ̀: ọjà títà, ohun tí à ń lò, ohun tí kì í ṣe tiwa, ohun tó gbọ́dọ̀ lọ. Èyí tí kì í ṣe tiwa ló ń gba àyè jù. Ẹ pe olówó rẹ̀, ẹ dá ọjọ́ fún un pẹ̀lú ẹnu dídùn. Ohun tí ẹ kò fọwọ́ kàn láti ọdún méjì, tí kì í ṣe ìwé ilé tàbí rìsíìtì ṣọ́ọ̀bù, ẹ bi ara yín pé kí ló ń dúró dè.

4. Èyí tó máa lọ, kó lọ lọ́jọ́ náà. Irin àlòkù, owó ni. Òwódé Onírin ò jìnnà, àwọn tó ń ra kọ̀ndẹ́ẹ̀mù náà sì ń kọjá lójúlé. Agbọ̀n tó ti já, ẹ kó o fún PSP. Ẹ má dà á sí gọ́tà tàbí kanáálì, ọ̀dọ̀ wa náà ni omi á gbé e padà wá. Ẹ má sì dáná sun ún lẹ́yìnkùlé.

5. Bí ẹ bá ń kó o padà, ẹ má gbé àpò lélẹ̀ ṣánṣán. Sìmẹ́ǹtì ń mu omi, á sì gbé e fún àpò. Ẹ to búlọ́ọ̀kù, ẹ tẹ́ pákó lé e, kí àpò wà lókè. Kó jìnnà sí ògiri tó bí ìgbálẹ̀ ṣe lè kọjá, nítorí ibi tí ìgbálẹ̀ ò dé ni eku ń kọ́lé sí. Ohun tó wúwo, nísàlẹ̀. Àlùbọ́sà àti iṣu ń fẹ́ afẹ́fẹ́, ẹ má fi tapólì bò wọ́n. Ìwé àti rìsíìtì, inú ike tó ní ìdérí, lórí pẹpẹ. Bẹntiróòlù ò gbọdọ̀ padà wọlé mọ́.

6. Èyí tó kọ́kọ́ wọlé ni kó kọ́kọ́ jáde. Ẹ fi máákà kọ ọjọ́ tí àpò wọlé sára rẹ̀. Àpò tuntun á lọ sẹ́yìn, ti àtijọ́ á bọ́ síwájú. Bí mo bá ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀wà mi ò ní di ìyẹ̀fun.

7. Ẹni tó fẹ́ pa ẹ̀wà mọ́ fún oṣù púpọ̀, àpò onípele mẹ́ta wà tí wọ́n ń pè ní PICS. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga Purdue ní Amẹ́ríkà ló wà nídìí rẹ̀, láti ọdún 2007 ni wọ́n sì ti ń tàn án kiri ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Nylon méjì ló wà nínú, àpò híhun kan níta. Ẹ̀wà gbọ́dọ̀ gbẹ dáadáa, kí ẹ tó di nylon kọ̀ọ̀kan ní ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ pinpin. Kòkòrò inú rẹ̀ ò ní rí afẹ́fẹ́ mí, á kú. Kò gba oògùn rárá. Kí eku ṣáà má rí i jẹ ni.

8. Ẹ so ìwé kan mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Eléyìí ni mo fẹ́ kí ẹ mú lọ bí ẹ bá gbàgbé gbogbo èyí tó kù. Ìwé oníléèwé lásán ni, pẹ̀lú bírò tí a so mọ́ okùn. Ọjọ́ wo, kí ló wọlé, kí ló jáde, ta ló gbé e. Ẹni tí kò mọ̀wé, kó fi ẹfun fa ìlà sára ògiri: ìlà kan fún àpò kan, bó bá jáde, kó dábùú rẹ̀. Ká ní mo ti fa ìlà mẹ́ta péré sára ògiri, tí ìkankan ò ní àbùú, máa mọ̀ pé ẹ̀wà mi ò tíì jáde nílé. Ẹ̀kọ́ ìwé mi ò kọjá pámárì, síbẹ̀ ìwé ẹgbẹ́ wa ò ṣìnà rí lọ́wọ́ mi. Ìwé ọjà, mo ń kọ ọ́. Ti ilé mi ni mi ò kọ.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌPÀDÉ

1. Kí ni ohun tó wà nínú gáréèjì rẹ tí kì í ṣe tìrẹ? Ìgbà wo lo máa pe olówó rẹ̀?
2. Níbo ni kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù rẹ wà lálẹ́ òní?
3. Bí nǹkan bá sọnù nílé rẹ, kí lo ní tí o lè wò kí o tó dárúkọ ọmọ ọlọ́mọ?

Ẹni tó bá ti ṣe tirẹ̀, kó wá sọ fún wa nípàdé bó ṣe rí. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí a fi ọwọ́ ara wa kó owó wa fún eku jẹ. Ilé wa ò ní jó, ọjà wa ò ní bàjẹ́. Ó dìgbà kan ná.