Owó Ọ̀yà Ìyá Mósè: Ẹ̀kọ́ lórí Ìtọ́jú Ọmọ Òrukàn

Bíbélì kíkà: Ẹ́kísódù 2:1–10, Jákọ́bù 1:27

Nígbàkúùgbà tí Kérésìmesì tàbí ìkórè bá ń súnmọ́ etílé, a máa ń rí àwọn ẹgbẹ́ ìjọ, láti Bajulaiye títí dé Bàríga, tí wọn a kó ìrẹsì, ọṣẹ, wàrà àti aṣọ jọ, tí wọn a sì gbé wọn lọ sí ilé ìtọ́jú àwọn ọmọ òrukàn. Wọn a bá àwọn ọmọ náà kọrin, wọn a ya àwòrán, wọn a sì padà sí ilé wọn. Bákan náà ni àwọn ọ̀dọ́ láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Amẹ́ríkà àti Ọsirélíà ṣe ń wọ ọkọ̀ òfurufú lọ sí Áfíríkà àti Éṣíà, láti fi ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ ní irú ilé bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò pe àánú ní ohun búburú. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a wádìí bóyá ọ̀nà tí àánú wa ń tọ̀ dé ọ̀dọ̀ ọmọ náà ní tòótọ́.

Ẹ jẹ́ kí a kíyèsí ọmọbìnrin Fáráò. Àjèjì ni ó jẹ́ sí ọmọ tí ó rí nínú agbọ̀n. Ọlọ́rọ̀ ni, ilé rẹ̀ sì tóbi. Bí ó bá gbé ọmọ náà wọ ààfin lọ lójú ẹsẹ̀, ta ni ìbá dá a lẹ́kun? Ṣùgbọ́n arábìnrin ọmọ náà dámọ̀ràn pé kí a wá alágbàtọ́ kan láàárín àwọn Hébérù, ọmọ ọba sì gbà. Báyìí ni ìyá tí ó bí Mósè ṣe gbé e padà lọ láti tọ́ ọ, tí owó ọ̀yà sì ń ti ọwọ́ olùrànlọ́wọ́ wá. Ọmọ tí ó dàbí aláìníyàá, ìyá rẹ̀ kò jìnnà sí i. Ewu ni ó yà wọ́n, kì í ṣe ikú.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀ràn náà rí ní ayé òde òní. Ní ọdún 2009, ẹgbẹ́ Save the Children kéde pé, nínú ọmọ márùn-ún tí ó wà ní irú ilé bẹ́ẹ̀ káàkiri ayé, ó kéré tán mẹ́rin ni bàbá tàbí ìyá wọn wà láàyè. Àìní ni ó gbé ọ̀pọ̀ nínú wọn dé ibẹ̀: owó ilé-ìwé kò sí, oúnjẹ kò tó, tàbí àìsàn dá ìyá dúró. Ní ilẹ̀ Kàmbódíà, láàárín ọdún 2005 sí 2010, iye irú ilé wọ̀nyí fi ìpín 75 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ jùlọ nínú àwọn ọmọ ibẹ̀ ní òbí tí ó wà láàyè. Owó àwọn àlejò àti ti àwọn olùfúnni láti òkèèrè ni ó ń gbé àwọn ilé náà ró. Níbi tí owó bá ń tẹ̀lé ọmọ lọ sí ilé òrukàn, tí kò sì tẹ̀lé e lọ sí ilé ìyá rẹ̀, kí ni a rò pé ìyá tálákà yóò ṣe? Nítorí irú èyí ni Ọsirélíà fi ka kíkó ọmọ lọ sí ilé òrukàn fún èrè mọ́ ìwà oko-ẹrú nígbà tí wọ́n ń ṣe òfin wọn ti ọdún 2018; tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé náà sì kìlọ̀ nípa rẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 2019.

Àwọn àgbà wí pé ọmọ tí kò ní ìyá kì í dá egbò ẹ̀yìn. Ta ni yóò bá a wẹ egbò náà? Ìrẹsì kò lè wẹ̀ ẹ́, àlejò ọjọ́ kan kò lè wẹ̀ ẹ́. Ẹni tí ó wà níbẹ̀ lóru ni ó lè ṣe é. Àwọn onímọ̀ fi ìdí èyí múlẹ̀ ní Bucharest, olú-ìlú Rùmáníà. Láti ọdún 2000, wọ́n tẹ̀lé ọmọ ọwọ́ 136 tí a ń tọ́ ní ilé ìjọba. Wọ́n ṣẹ́ kèké, wọ́n sì fi ìdajì wọn sọ́dọ̀ àwọn ìdílé alágbàtọ́. Àwọn tí ó lọ sínú ìdílé sàn ju àwọn yòókù lọ ní òye àti ní ìfararọ pẹ̀lú ènìyàn. Èyí sì hàn jùlọ lára àwọn tí ó tètè lọ, kí wọ́n tó pé ọdún méjì.

Ẹnìkan lè béèrè pé, ǹjẹ́ ará òkèèrè kò wúlò rárá? Ó wúlò, bí ó bá dúró. Anna Hinderer àti ọkọ rẹ̀ David, ti ẹgbẹ́ C.M.S., dé Ìbàdàn ní ọdún 1853, wọ́n sì tẹ̀dó sí Kúdẹtì. Ìjòyè kan fi ọmọ rẹ̀ méjì, Yéjídé àti Akínyẹlé, sí ìtọ́jú wọn, àwọn mìíràn sì tẹ̀lé wọn. Nígbà tí ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1860, ọ̀nà etíkun dí, owó kò dé mọ́. Wọ́n ta ẹrù ilé wọn kí àwọn ọmọ lè jẹun. Ọdún 1869 ni obìnrin náà tó fi Ìbàdàn sílẹ̀ pátápátá, pẹ̀lú ara tí àìsàn ti jẹ, ó sì kú ní ọdún 1870. Àwọn ọmọ tí ó tọ́ kò jáde kúrò láàárín ènìyàn wọn, wọn kò sì pàdánù èdè wọn.

A kò wí pé kí a ti ilẹ̀kùn gbogbo ilé òrukàn. Ọmọ tí a gbé jù sí ẹ̀bá ọ̀nà gbọ́dọ̀ rí ibi sùn lálẹ́ ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti Nàìjíríà (2003) àti ti Ìpínlẹ̀ Èkó (2007) fi àyè sílẹ̀ fún àgbàtọ́ àti fún ìsọdọmọ. Àgbàtọ́ kò sì ṣàjèjì sí àwa Yorùbá. Ojú mẹ́rin ní í bí ọmọ, igba ojú ní í wò ó.

Nítorí náà, kí ẹgbẹ́ kan tó kó ẹrù jáde, kí ó ṣe nǹkan mẹ́rin.

Èkínní, kí ó béèrè bóyá ìjọba mọ ilé náà, tí ó sì forúkọ rẹ̀ sílẹ̀.

Èkejì, kí ó béèrè iye ọmọ tí ó ní ìbátan, àti ohun tí ilé náà ń ṣe láti dá wọn padà.

Ẹ̀kẹta, kí ó má ṣe ya àwòrán ọmọ náà káàkiri. Ojú òṣì kì í ṣe ohun ìpolówó.

Ẹ̀kẹrin, kí ó wá opó tàbí ìyá àgbà tí ń tọ́ ọmọ òrukàn ní àdúgbò tirẹ̀, kí ó sì san owó ilé-ìwé ọmọ náà títí yóò fi parí. Èyí ni owó ọ̀yà ìyá Mósè. Kò ní ariwo, a kì í sì í tẹ́ àga sí i. Ṣùgbọ́n ọmọ náà yóò sùn sí ilé.

Ìbéèrè fún kíláàsì:

1. Kí ni ìbá ṣẹlẹ̀ sí Mósè bí ọmọ ọba kò bá gbọ́ ìmọ̀ràn arábìnrin rẹ̀?

2. Ọmọ mélòó ní òpópónà rẹ ni ó ń gbé lọ́dọ̀ ìyá àgbà tàbí ẹ̀gbọ́n? Ta ni ń ràn wọ́n lọ́wọ́?

3. Nínú owó tí ẹgbẹ́ rẹ ná lórí ìbẹ̀wò ọdún tí ó kọjá, èló ni ó lọ sórí ọkọ̀, aṣọ ẹgbẹ́ àti àwòrán? Ọmọ mélòó ni ìbá gbé dúró sí ilé-ìwé?