Ọjọ́ Ogbó Ń Bọ̀: Kí Ni A Fi Pamọ́?

Nínú ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí, a fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ohun tí ọ̀pọ̀ wa kò tíì kà sí ọ̀rọ̀ tiwa: ìmúrasílẹ̀ de ọjọ́ tí a kò ní lè ṣiṣẹ́ mọ́.

Àwọn kan a máa sọ pé ẹni tó bá gbára lé Ọlọ́hun kò ní í ro ti ọ̀la. Ẹ jẹ́ kí a rántí Ànábì Yúsúfù. Nígbà tó túmọ̀ àlá ọba Íjíbítì, ó ní kí wọ́n fi ọkà ọdún méje pamọ́ de ọdún méje ìyàn. Ìmúrasílẹ̀ kò tako ìgbáralé Ọlọ́hun.

Ọ̀nà méjì ni òṣìṣẹ́ pín sí nílẹ̀ Nàìjíríà.

Àkọ́kọ́ ni olówó oṣù. Kí ọdún 2004 tó dé, inú owó tí ìjọba bá ní lọ́wọ́ ni wọ́n ti ń san owó ìfẹ̀yìntì òṣìṣẹ́ wọn; ọ̀pọ̀ àgbà ló sì tò lórí ìlà títí agara fi dá wọn. Òfin ọdún 2004, tí ti ọdún 2014 rọ́pò, ló yí èyí padà. Ó de òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ àti ilé-iṣẹ́ aládàáni tó bá ní òṣìṣẹ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú 100 náírà, wọn yóò yọ 8 lára owó òṣìṣẹ́, agbanisíṣẹ́ yóò sì fi 10 kún un. Bí owó oṣù, owó ilé àti owó ọkọ̀ bá jẹ́ 100,000 náírà, 18,000 ni yóò máa wọlé fún un lóṣooṣù. Bó pààrọ̀ iṣẹ́, owó rẹ̀ ń bá a lọ ni. Ṣùgbọ́n kí ó máa yẹ̀ ẹ́ wò bóyá agbanisíṣẹ́ ń san án. Láti ọdún 2021, ààyè ti wà fún ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n fi owó òun ṣòwò èlé.

Èkejì ni ẹni tó ń dá ṣiṣẹ́: télọ̀, mẹkáníìkì, ìyá ọlọ́jà, onímọ́tò. Àwa olùkọ́ ilé-kéwú náà wà níbẹ̀. Kò sí ìfẹ̀yìntì nínú owó Àlàrùba. Ọ̀pọ̀ wa gbójú lé àjọ. Àjọ dára, ṣùgbọ́n bí oṣù bá parí, alájọ yóò yọ ti ọjọ́ kan, yóò dá ìyókù padà, a ó sì fi san owó ilé-ìwé tàbí ra ọjà. Kì í ṣe owó ogbó. Àwọn mìíràn gbójú lé ọmọ. Òótọ́ ni pé ẹ̀sìn pa á láṣẹ fún ọmọ láti tọ́jú òbí, ṣùgbọ́n bí ọmọ náà kò bá ríṣẹ́ ńkọ́?

Kò sí ẹni tí yóò yọ tiwa fún wa. Àwa fúnra wa ni yóò yọ ọ́. Ẹni tó bá ń yọ 200 náírà lójúmọ́, fún ọjọ́ 26 lóṣù, yóò ní 62,400 lọ́dún. Ní ọdún 2019, ìjọba gbé ètò ìfẹ̀yìntì kalẹ̀ fún irú àwa wọ̀nyí. Bí wọ́n ṣe là á kalẹ̀ nígbà náà, 40 nínú 100 wà fún ìnáwó pàjáwìrì, 60 yóò dúró de ogbó. Kí ẹni tó bá fẹ́ wọ̀ ọ́ kọ́kọ́ béèrè ìlànà tó wà lóde báyìí. Níwọ̀n ìgbà tí ọjà sì ń gbówó lórí, kí a má fi gbogbo rẹ̀ sí owó: ilẹ̀, oko àti ilé kékeré náà jẹ́ ìpamọ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ìgbà tí ojú ṣì ń ríran láti ti òwú bọ abẹ́rẹ́ ni télọ̀ ń rán aṣọ ogbó rẹ̀. Kí Ọlọ́hun má sọ ogbó wa di ìyà. Àmín.