Kọ́ọ̀sì Wo Ló Ń Sọ Ọmọ Di Dókítà?

Òde àríyá Yorùbá yòówù tí mo bá lọ ní Amẹ́ríkà yìí, ìbáà ṣe Houston, ìbáà ṣe Maryland, ìbéèrè kan náà ni wọ́n fi ń ká mi mọ́ ìdí ìrẹsì: "Dókítà, kí ni kí ọmọ yìí kà kó lè wọ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn?" Bàbá ló máa ń bèèrè. Ọmọ á dúró sẹ́yìn rẹ̀, á máa tẹ fóònù. Ẹ̀yin ọmọ ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ lónìí, torí ẹ̀yin lẹ máa jókòó ṣe ìdánwò.

Ẹ má bá àwọn òbí yín wí. Nílé ní Nàìjíríà, láti ilé ẹ̀kọ́ girama lèèyàn ti ń wọ ìmọ̀ ìṣègùn tààrà, ọdún mẹ́fà, ó parí. Níbí, oyè àkọ́kọ́ ni wàá kọ́kọ́ gbà, ọdún mẹ́rin; ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn á gba ọdún mẹ́rin mìíràn, kí rẹ́sídẹ́ǹsì, ìyẹn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ní ọsibítù, tó wá bẹ̀rẹ̀. Pre-med tí gbogbo ayé ń pariwo rẹ̀, àkójọ kọ́ọ̀sì lásán ni: báyọ́lọ́jì, kẹ́mísírì, kẹ́mísírì ọ̀gáníìkì àti físíìsì, ọdún kọ̀ọ̀kan, tòun ti iṣẹ́ láàbù, báyòkẹ́mísírì, ìṣirò díẹ̀, èdè Gẹ̀ẹ́sì. Láti 2015 tí wọ́n ti tún MCAT, ìdánwò ìwọlé sí ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn, ṣe, ó yẹ kéèyàn fi sàíkọ́lọ́jì àti sosiọ́lọ́jì kún un. Bí o bá ti kó ìwọ̀nyí jọ, ìtàn ni o, orin ni o, ètò ọrọ̀ ajé ni o, èyí tó bá wù ọ́ ni kí o gboyè nínú rẹ̀. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Àwọn tó ka báyọ́lọ́jì ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń wọlé, àmọ́ àwọn náà ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń gba fọ́ọ̀mù. AAMC, ẹgbẹ́ àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn, ń gbé iye wọn jáde lọ́dọọdún; ẹni tó ka lítíréṣọ̀ tàbí fìlọ́sọ́fì kò rẹ̀yìn sí wọn rárá.

Nítorí náà, má wá kọ́ọ̀sì tí orúkọ rẹ̀ dún bíi ti oníṣègùn. Wá èyí tí wàá lè máa gba A nínú rẹ̀ fún ọdún mẹ́rin gbáko láìjẹ́ pé ó sú ọ. Àwọn tó wọlé láwọn ọdún àìpẹ́ yìí, GPA wọn tó nǹkan bíi 3.8 ní ìpíndọ́gba, MCAT wọn sì wà láàárín 511 sí 512 nínú 528. Máàkì burúkú kì í sì í parẹ́ lára fọ́ọ̀mù AMCAS tí ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn fi ń gba ọmọ wọlé. Ká ní o gba C nínú kẹ́mísírì ọ̀gáníìkì, o tún un ṣe, o gba A. Yunifásítì rẹ lè gbójú fo C yẹn. AMCAS á ka méjèèjì: 2.0 àti 4.0, ó di 3.0. Wọ́n á tún ya báyọ́lọ́jì, kẹ́mísírì, físíìsì àti ìṣirò sọ́tọ̀, wọ́n á ṣírò GPA tiwọn lọ́tọ̀, kí A tí o gbà nínú orin má baà bò wọ́n mọ́lẹ̀. Èyí tó máa ń ya àwọn òbí lẹ́nu jù ni pé kọ́ọ̀sì kọ́lẹ́ẹ̀jì tí ọmọ ṣe nígbà tó ṣì wà ní háísúkùù náà wà nínú ìṣirò yìí. Ọmọ ọdún 16 tó lọ fi eré ṣe ìṣirò ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìwé tí wọ́n máa fi dá a lẹ́jọ́.

Ẹni tó bá fẹ́ràn ẹ̀rọ, kó ka ẹnjiníà. Iṣẹ́ gidi ni, ó sì ń bọ́ni. Kó ṣáà mọ̀ pé wọn ò ní torí pé kọ́ọ̀sì rẹ̀ le fún un ní máàkì ọ̀fẹ́. Ti nọ́ọ̀sì ni mo fẹ́ sọ díẹ̀ sí i, torí ọ̀pọ̀ ìyá wa níbí ni nọ́ọ̀sì, wọ́n sì gbà pé ọmọ lè gbabẹ̀ kọjá. Ó ṣeé ṣe, mo mọ àwọn tó ṣe é. Ṣùgbọ́n kẹ́mísírì tí ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì fi ń kọ́ni kì í ṣe èyí tí ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ń béèrè, wọ́ọ̀dù ni ọmọ náà á sì wà láàárọ̀ nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ wà ní láàbù. Bó bá jẹ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló wù ọ́, ṣe é tọkàntọkàn. Má fi iṣẹ́ oníṣẹ́ ṣe àtẹ̀gùn.

Orúkọ ilé ìwé ńkọ́? Ó dùn ún sọ lóde ìgbéyàwó. Èmi a máa tọ́ka sí Xavier University of Louisiana ní New Orleans, tí Katharine Drexel, sísítà Kátólíìkì, dá sílẹ̀ fún àwọn aláwọ̀ dúdú ní 1925. Ilé ìwé kékeré ni, síbẹ̀ ó ti pẹ́ tó ti ń ṣíwájú nínú rírán ọmọ aláwọ̀ dúdú lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn. Wọn kì í fi ọmọ sílẹ̀ kó máa dá rìn níbẹ̀.

Bí o bá lọ wo ilé ìwé kan, tí wọ́n sọ fún ọ pé mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ọmọ àwọn ló ń wọlé, má tíì pàtẹ́wọ́. Bi wọ́n pé: mélòó ló sọ lọ́dún àkọ́kọ́ pé dókítà làwọn fẹ́ ṣe? Mélòó ló kù tó gba fọ́ọ̀mù? Àwọn ibì kan wà tó jẹ́ pé ìgbìmọ̀ ilé ìwé ló ń kọ lẹ́tà ìjẹ́rìí, bí GPA ọmọ kò bá sì tẹ́ wọn lọ́rùn, wọ́n á ní kó má tíì gba fọ́ọ̀mù ná. Ẹni tí wọ́n ti dá padà báyẹn kò sí nínú mẹ́wàá tí wọ́n ń kà fún ọ. Bèèrè bí kíláàsì kẹ́mísírì ọdún kìíní ṣe tóbi tó pẹ̀lú. Nínú gbọ̀ngàn ọmọ 400, olùkọ́ wo ló máa mọ̀ ọ́ débi tó máa jẹ́rìí rẹ? Bí irú ibẹ̀ ni o bá bá ara rẹ, ọ̀sẹ̀ kejì ni kí o ti bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí ọ́fíìsì olùkọ́, má dúró di ọjọ́ tí o bá fìdí rẹmi. Ọmọ tó bá káwọ́ sókè ló ń fẹ́ ká gbé òun.

Ìpínlẹ̀ tí àwọn òbí rẹ ń gbé náà ṣe pàtàkì. Ní Texas, òfin kò jẹ́ kí àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ìjọba fún àwọn tó ti ìpínlẹ̀ mìíràn wá ju 10 lọ nínú 100 àyè. Ọmọ Houston tó fẹ́ lọ tọrùn bọ gbèsè lọ́nà jíjìn nítorí orúkọ, kó rántí pé owó ilé ìwé ọdún mẹ́rin mìíràn ṣì ń bọ̀ níwájú.

Ẹ̀yin tí ẹ ń bọ̀ láti ilé pẹ̀lú físà akẹ́kọ̀ọ́, tiyín yàtọ̀, n kò sì ní fi ọ̀rọ̀ dídùn tàn yín. Ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn tó ń gba ẹni tí kò ní gíríìn káàdì kò pọ̀. Nínú àwọn tó sì ń gbà wọ́n, àwọn kan á ní kí o kó owó ọdún mẹ́rin kalẹ̀ kí o tó wọlé. Ẹ̀yáwó ìjọba àpapọ̀ kò sì sí fún ọ. Bí o bá ti rí àyè ìmọ̀ ìṣègùn gbà ní Ìbàdàn tàbí Ifẹ̀, tí o fẹ́ jù ú sílẹ̀ wá ka báyọ́lọ́jì níbí nítorí pé Amẹ́ríkà ni, jọ̀ọ́, jókòó sí àyè rẹ. Kà á tán, kí o wá ṣe USMLE, ìdánwò àṣẹ iṣẹ́ dókítà ní Amẹ́ríkà. Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ dókítà Nàìjíríà tí ẹ ń rí ní ọsibítù níbí gbà dé nìyẹn, èmi náà sì wà lára wọn.