Èdè-Ìperí fún Ìtọ́wò Bíà: Àpẹẹrẹ Éèlì Pupa Alágbára Oníhọ́ọ̀pù

1. Ìfáárà

Nínú gbogbo iṣẹ́ tí ó dojú kọ olùtumọ̀ ìwé sáyẹ́ǹsì, èyí tí ó jẹ mọ́ ohun tí ẹnu àti imú ń mọ̀ wà lára àwọn tí ó le jù. Ohun tí ojú rí ṣeé nà ní ìka; ohun tí ó ní ìwọ̀n ṣeé fi òǹkà sọ. Ohun tí ahọ́n tọ́ wò kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ nìkan ni ó lè gbé e láti ọ̀dọ̀ ẹni kan dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn. Bí ọ̀rọ̀ náà bá ti ṣìnà, ìmọ̀ náà ti ṣìnà pẹ̀lú rẹ̀ nìyẹn.

Àpilẹ̀kọ yìí fi bíà kan ṣe àpẹẹrẹ. Amẹ́ríkà ni àṣà bíà náà ti gbilẹ̀, Brewers Association, èyí tí í ṣe ẹgbẹ́ àwọn apọntí ilẹ̀ náà, sì ń pè é ní Imperial Red Ale. Gẹ́gẹ́ bí ìlànà ẹgbẹ́ yìí, èròjà ọtí inú rẹ̀ tó nǹkan bí ìdá 8 títí dé ìdá 10.6 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìwọ̀n ìkorò rẹ̀ sì wà láàárín 55 àti 85. Ẹni tí ó bá fẹ́ júwe rẹ̀ ní Yorùbá yóò rò pé ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ti tó: ó pupa, ó le, ó korò. Àyẹ̀wò tí ó tẹ̀ lé e yìí yóò fi hàn pé ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí lè ṣi òǹkàwé lọ́nà, yóò sì dábàá ohun tí ó lè rọ́pò wọn.

2. Ìlànà tí ó yẹ kí a tẹ̀ lé

Kì í ṣe Yorùbá nìkan ni ìṣòro yìí bá. Títí di nǹkan bí 50 ọdún sẹ́yìn, àwọn apọntí ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà pàápàá kò ní ohùn kan lórí ọ̀rọ̀ ìtọ́wò. Ohun tí ẹnì kan pè ní gbígbẹ, ẹlòmíràn pè é ní kíkorò. Ní ọdún 1979 ni Morten Meilgaard àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ tẹ àkójọ ọ̀rọ̀ jáde, èyí tí wọ́n yà sí àwòrán bí àgbá kẹ̀kẹ́. Wọ́n pín ìtọ́wò bíà sí ìsọ̀rí 14, wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ 44 sí abẹ́ wọn.

Ohun tí ó ṣe pàtàkì jù nínú iṣẹ́ wọn ni ìlànà rẹ̀: ohun kan, ọ̀rọ̀ kan, àti pé níbi tí ó bá ti ṣeé ṣe, kí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ní èròjà kan tí ẹnikẹ́ni lè tọ́ wò láti mọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà dúró fún. Ìlànà yìí bá Yorùbá mu púpọ̀. Ohun tí ó kù ni pé kí a má ṣe wá àpẹẹrẹ lọ sí ilẹ̀ òkèèrè nígbà tí ó wà lórí àtẹ ní ọjà ọba.

3. Orúkọ bíà náà

3.1 Pupa. Yorùbá pín àwọ̀ sí ọ̀nà ńlá mẹ́ta: funfun, dúdú àti pupa. Pupa gbòòrò tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi gba epo, ẹ̀jẹ̀, ọsàn tí ó ti pọ́n àti ènìyàn tí àwọ̀ ara rẹ̀ mọ́lẹ̀. Bí olùtumọ̀ bá kọ “bíà pupa”, òǹkàwé lè rò pé bíà tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí ti oyin, èyí tí ó wọ́pọ̀ jù ní ilé ọtí, ni ó ń sọ. Bíà tí ọ̀rọ̀ dé orí rẹ̀ yìí bẹ̀rẹ̀ láti àwọ̀ bàbà, ó sì lè pọ́n títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣú. Ọkà bálì tí wọ́n mú hù, tí wọ́n sì yan títí ṣúgà inú rẹ̀ fi pọ́n, ni ó fún un ní àwọ̀ yìí. Àwọn apọntí mìíràn a tún fi ìwọ̀nba ọkà tí wọ́n yan dúdú kún un. Ẹ̀wẹ̀, “àwọ̀ bàbà” kò dára fún orúkọ, nítorí pé bàbà jẹ́ irin, ó sì tún jẹ́ ọkà. Ọkà náà sì ni wọ́n fi ń pọn pitò àti bùrùkùtù. Osùn ni kò ní ìdàrúdàpọ̀: àwọ̀ rẹ̀ pọ́n, ó sì jinlẹ̀. “Aláwọ̀ osùn” ni àpilẹ̀kọ yìí dábàá.

3.2 Le. “Ọtí líle” ti ní ìtumọ̀ tirẹ̀ ní Yorùbá. Ògógóró, jíìnì àti àwọn ọtí mìíràn tí a fi iná sè títí oruku rẹ̀ fi di omi ni orúkọ náà ń mú wá sí ọkàn. Bíà tí èròjà ọtí inú rẹ̀ jẹ́ ìdá 9 nínú ọgọ́rùn-ún lágbára ju bíà gbogbo ayé lọ, ṣùgbọ́n kò sún mọ́ ògógóró rárá. Nítorí náà, kí a pè é ní “alágbára”, kí a sì fi “líle” sílẹ̀ fún àwọn tí ó ni ín.

3.3 Éèlì. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín éèlì àti láágà wà nínú ìwúkàrà. Ìwúkàrà éèlì, tí orúkọ sáyẹ́ǹsì rẹ̀ ń jẹ́ Saccharomyces cerevisiae, ń ṣiṣẹ́ níbi tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́; ti láágà ń ṣiṣẹ́ níbi tí ó tutù. Irú ìwúkàrà éèlì yìí gan-an ni ó wọ́pọ̀ jù nínú ẹmu àti pitò. “Bíà” ti di orúkọ fún méjèèjì ní Yorùbá, nítorí náà ọ̀rọ̀ àyálò “éèlì” ni ó yẹ kí a gbà. Gbogbo orúkọ náà yóò wá jẹ́ éèlì aláwọ̀ osùn alágbára.

4. Iṣẹ́ họ́ọ̀pù

Họ́ọ̀pù jẹ́ ewéko tí ń fà gun òpó bí iṣu. Òdòdó abo rẹ̀ ni àwọn apọntí ń lò. Nínú òdòdó yìí ni ìyẹ̀fun kan wà tí ó pọ́n bí ìyeyè, tí ó ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́. Inú rẹ̀ ni ásíìdì àti òróró wà. Ìyàtọ̀ àárín èròjà méjèèjì yìí ni kókó gbogbo ọ̀rọ̀.

Ásíìdì họ́ọ̀pù kò korò púpọ̀ títí iná yóò fi mú un. Bí a bá sè é pẹ̀lú omi ọkà fún nǹkan bí wákàtí kan, ìṣètò inú rẹ̀ yóò yí padà, yóò yòrò, yóò sì korò gan-an. Èyí ni wọ́n ń wọ̀n nígbà tí wọ́n bá sọ pé ìwọ̀n ìkorò bíà jẹ́ 55: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú mílígíráàmù 55 nínú lítà kan. Òróró ni kò fẹ́ iná. Bí a bá sè é pẹ́, òórùn rẹ̀ yóò bá oruku lọ. Ìdí nìyí tí àwọn apọntí fi ń da họ́ọ̀pù sí ìkòkò lẹ́ẹ̀mejì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ: ti àkọ́kọ́ fún ìkorò, ti ìkẹyìn fún òórùn. Wọ́n tún lè rẹ ẹ́ sínú bíà tí ó ti tutù, láìsè é rárá.

Láti inú èyí, ó hàn pé “bíà tí họ́ọ̀pù pọ̀ nínú rẹ̀” kò jẹ́ ohun kan náà pẹ̀lú “bíà kíkorò”. Bíà lè kún fún òórùn họ́ọ̀pù kí ó má korò tó bẹ́ẹ̀. “Oníhọ́ọ̀pù” ni kí olùtumọ̀ lò fún ti àkọ́kọ́, kí ó sì fi “kíkorò” mọ sí ohun tí ahọ́n mọ̀.

5. Ìkorò àti àwọn tí a máa ń ṣì mú fún un

Nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, ohun búburú ni ìkorò sábà máa ń dúró fún. Ẹni tí ó bá kà pé bíà kan “korò” lè gbà pé ó ti bàjẹ́. Ṣùgbọ́n Yorùbá tún mọ ìkorò tí ó níyì. A ń fi orógbó ṣe àdúrà ẹ̀mí gígùn, a ń fi obì gba àlejò, òwe sì sọ pé adùn ní í gbẹ̀yìn ewúro. Òwe yìí fún olùtumọ̀ ní ọ̀rọ̀ tí ó ti ń wá: “ìgbẹ̀yìn”, fún ohun tí ó kù lẹ́nu lẹ́yìn tí a ti gbé ọtí mì. Nínú éèlì aláwọ̀ osùn, adùn ọkà ni ó kọ́kọ́ ń dé, ìkorò tẹ̀ lé e, ìgbẹ̀yìn a sì pẹ́. Bí ìkorò náà bá lọ ní mímọ́, tí ó fi ẹnu sílẹ̀ láìhá, ó dára. Bí ó bá lẹ̀ mọ́ ahọ́n bí oje ewúro tí a kò fọ̀, àbùkù ni.

Ohun mẹ́ta ni ó yẹ kí a yà kúrò lára ìkorò.

Èkíní ni ìfúnlẹ́nu. Èyí ni bí ẹnu ṣe ń fún pọ̀ tí ahọ́n sì ń gbẹ nígbà tí a bá jẹ èso kajú tàbí àgbálùmọ̀ tí kò pọ́n. Kì í ṣe adùn, kì í ṣe ìkorò. Ohun tí ara ẹnu ń mọ̀ ni, nítorí pé èròjà tí ń jẹ́ táníìnì ń so mọ́ èyí tí ń mú kí itọ́ yọ̀.

Èkejì ni ìtalẹ́nu. Ata ń ta ni lẹ́nu. Ọtí tí ó lágbára pẹ̀lú ń ta ni lọ́nà ọ̀fun. Ọ̀rọ̀ ìṣe kan náà ni Yorùbá fi ń sọ méjèèjì, ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì sì ti èdè lẹ́yìn níhìn-ín: iṣan kan náà tí ń jí nígbà tí ata bá kàn án ni èròjà ọtí ń ru sókè. Nínú éèlì alágbára tí a pọn dáradára, ìtalẹ́nu kì í ju kí àyà móoru díẹ̀ lọ.

Ẹ̀kẹta ni ìkan, èyí tí a mọ̀ lára ọsàn wẹ́wẹ́ àti ẹmu tí ó ti sùn. Bí éèlì irú èyí bá kan, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé kòkòrò mìíràn ti wọ inú rẹ̀.

Àṣìṣe àtijọ́ kan ṣì wà nínú àwọn ìwé kan, pé ẹ̀yìn ahọ́n nìkan ni ó ń mọ ìkorò, tí orí rẹ̀ sì ń mọ adùn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo ibi tí ohun ìtọ́wò wà lórí ahọ́n ni ó lè mọ gbogbo wọn. Kí olùkọ́ má ṣe tún yà á sójú pátákó mọ́.

6. Òórùn

Yorùbá kì í fi imú “mọ” òórùn. Ó ń “gbọ́” ọ ni. Ohun tí ó ṣòro nihin-in ni pé púpọ̀ nínú ohun tí a ń pè ní adùn oúnjẹ jẹ́ òórùn tí ó gba ẹ̀yìn ọ̀fun gòkè lọ sí imú. “Òórùn inú ẹnu” ni a dábàá fún èyí, kí ó lè yàtọ̀ sí “òórùn ojú ife”, èyí tí a gbọ́ kí ọtí tó kan ètè. Àyẹ̀wò rẹ̀ rọrùn: kí akẹ́kọ̀ọ́ di imú, kí ó fa omi ọsàn díẹ̀ sẹ́nu, kí ó sì ṣí imú lẹ́yìn náà. Ohun tí ó bá dé lójijì nígbà náà ni òórùn inú ẹnu.

Họ́ọ̀pù Amẹ́ríkà ni ó fún bíà yìí ní òórùn rẹ̀. Cascade jáde ní 1972, Chinook ní 1985, Centennial ní 1990. Àfonífojì Yakima ní Ìpínlẹ̀ Washington ni wọ́n sì ti ń gbin èyí tí ó pọ̀ jù nínú họ́ọ̀pù ilẹ̀ náà. Àwọn ìwé ibẹ̀ ń fi òórùn wọn wé èèpo ọsàn àti oje igi páìnì. Èèpo ọsàn kò ṣòro. Igi páìnì kò sí nínú igbó ilẹ̀ Yorùbá, ṣùgbọ́n òróró kan tí ń jẹ́ mírísíìnì, tí ó pọ̀ nínú họ́ọ̀pù, wà nínú máńgòrò àti koríko ọba pẹ̀lú. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fi òórùn koríko ọba tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ já tàbí ti èso máńgòrò ṣàlàyé apá kan òórùn họ́ọ̀pù kò fi àkàwé lásán ṣeré. Èròjà kan náà ni ó ń tọ́ka sí. Ti ọkà ni òórùn ṣúgà yíyan, èèpo búrẹ́dì àti dàbínù.

7. Ìgbésẹ̀ ìtọ́wò

Kí bíà náà má tutù jù. Nǹkan bí ìwọ̀n 10 sí 13 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì ni ó dára, nítorí òtútù ń di òórùn mọ́lẹ̀. Ife gíláàsì tí ẹnu rẹ̀ súnkì ni kí a lò, kí a má sì bù ú kún. Lẹ́yìn èyí, ìgbésẹ̀ mẹ́rin ni ó wà: kí a wo àwọ̀ àti ìfóòfó; kí a gbọ́ òórùn ojú ife kí ó tó fò lọ; kí a fa díẹ̀ sẹ́nu, kí ó kárí ahọ́n; kí a gbé e mì, kí a sì dúró de ìgbẹ̀yìn. Kí olúkúlùkù kọ ohun tí ó mọ̀ sílẹ̀ kí ó tó gbọ́ ti ẹnìkejì. Nítorí agbára ọtí náà, ìwọ̀nba ni kí a tọ́ wò.

Olùkọ́ tí kò ní bíà, tàbí tí kò fẹ́ mú ọtí wọ iyàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, lè fi omi ewúro, èso kajú, omi ata àti ọsàn wẹ́wẹ́ kọ́ni ní ọ̀rọ̀ mẹ́rin tí ó wà ní ìpín karùn-ún. Àwọn ọ̀rọ̀ náà kò ní yí padà bí akẹ́kọ̀ọ́ bá dé ilé ìpọntí.

8. Àkójọ ọ̀rọ̀

Aláwọ̀ osùn: àwọ̀ bíà láti bàbà títí dé pupa tí ó jinlẹ̀.
Alágbára: bíà tí èròjà ọtí inú rẹ̀ pọ̀, kì í ṣe “líle”.
Oníhọ́ọ̀pù: tí òórùn họ́ọ̀pù hàn gbangba nínú rẹ̀.
Ìkorò: bí ti ewúro àti orógbó.
Ìwọ̀n ìkorò: òǹkà èròjà kíkorò inú bíà, kì í ṣe bí ó ti korò tó lẹ́nu, nítorí adùn ọkà lè bò ó.
Ìfúnlẹ́nu: bí ti èso kajú.
Ìtalẹ́nu: bí ti ata.
Ìkan: bí ti ọsàn wẹ́wẹ́.
Òórùn ojú ife. Òórùn inú ẹnu: kí ọtí tó dé ẹnu. Nígbà tí ó bá dé ibẹ̀.
Ìgbẹ̀yìn: ohun tí ó kù lẹ́nu lẹ́yìn gbígbémì.

9. Àgbálọgbábọ̀

Nínú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí, ìwọ̀nba díẹ̀ ni àyálò. Ìdí kì í ṣe pé àyálò burú. Éèlì àti họ́ọ̀pù kò ní orúkọ mìíràn tí ó sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí ni pé orúkọ ohun ni a lè yá, ṣùgbọ́n ìmọ̀ ẹnu kò ṣeé yá. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò rí igi páìnì rí lè ha òórùn rẹ̀ sórí kí ó sì yege ìdánwò, síbẹ̀ kò ní mọ̀ ọ́n bí ó bá pàdé rẹ̀ nínú ife. Èyí tí ó mọ koríko ọba yóò mọ̀ ọ́n. Iṣẹ́ tí ó kù fún àwọn olùkọ́ ni láti gbé àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ka ẹnu ọ̀pọ̀ ènìyàn, kí èyí tí ó bá péye dúró, kí èyí tí kò bá péye sì yẹ̀ fún ọ̀rọ̀ tí ó sàn jù.