Àkàndé, Ta Ló Ní Ẹyẹ Lásán Ni?

Àkàndé, jókòó. Fi fóònù yẹn sílẹ̀ ná. Odídẹrẹ́ tí o há mọ́ kéèjì lẹ́yìnkùlé, òun lo ń pè ní ẹyẹ lásán? O jáde láàárọ̀, o wọlé lálẹ́, o da ẹ̀pà sí i, ó parí! Ó wá ń fa ìyẹ́ àyà ara rẹ̀ tu, o ní kòkòrò ni. Dókítà ẹran wò ó títí, kò rí kòkòrò kankan. Ìdáwà ni, ọmọ mi. Ọ̀wọ́ ni irú wọn ń fò nínú igbó, ọ̀wọ́ náà ni wọ́n ń sùn. Ẹyẹ tó lè gbé ogójì ọdún, ṣé ògiri ni kó máa wò?

Mo gbọ́ ohun tí o sọ fún ìyàwó rẹ, pé ẹranko ò lọ́kàn, ìwà kan náà ni gbogbo wọn ń hù. Ìwọ tí o kàwé! O ò gbọ́ ti Alex ni? Odídẹrẹ́ bíi tìẹ ni. Irene Pepperberg, onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà, rà á ní Chicago lọ́dún 1977, ó sì fi ọdún 30 kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́. Alex dá àwọ̀ mọ̀, ó ń ka nǹkan dé ẹẹ́fà. Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé bí ìdánwò bá sú u, á mọ̀ọ́mọ̀ máa to ìdáhùn tí kò tọ̀nà sílẹ̀, á fo èyí tó tọ̀nà, tàbí kó ní kí wọ́n dá òun padà sí kéèjì. Nígbà tí wọ́n mú Griffin, àbúrò rẹ̀, wá, tí ìyẹn ń kùn lẹ́nu, Alex ló ń pàṣẹ fún un pé kó sọ̀rọ̀ kó yéni. Nígbà tó kú lọ́dún 2007, New York Times kọ nípa rẹ̀. Ta ni wọ́n kọ tiẹ̀ ládùúgbò wa?

Ewúrẹ́ mi méjì ńkọ́, ọmọ ìyá kan náà? Lu ti àkọ́kọ́ lórí gàrí, kò ní mira. Èkejì, kí o sáà wò ó, á ti kúrò.

Bóyá ẹranko ń lọ sọ́run, bi pásítọ̀ rẹ. Ìwé Oníwàásù pàápàá béèrè ibi tí ẹ̀mí ẹranko ń lọ, kò dáhùn. Àmọ́ àáfà wa kì í pọ́n ọ̀bẹ lójú àgbò Iléyá, kì í sì í dúńbú ọ̀kan lójú èkejì. Kí ló ń fi pamọ́ fún ohun tí kò mọ nǹkan kan? Má wò mí bẹ́ẹ̀, mo ń jẹ ẹran. Ìyẹn kọ́ ni mò ń bá ọ jà lé lórí.

Má sì sọ pé o máa ra èkejì tì í. Lọ́dún 2016 ni àwọn ìjọba fẹnu kò láti ka títa odídẹrẹ́ inú igbó láti ilẹ̀ kan sí òmíràn léèwọ̀, torí ẹ ti ń kó wọn tán. Gbé e wá sí pálọ̀ mi. Á máa gbọ́ rédíò, á máa gbọ́ ariwo àwọn ọmọ, èmi náà á máa bá a jà. Ó tún lè kọ́ bí wọ́n ṣe ń kí àgbà láàárọ̀, èyí tí ìwọ ò tíì mọ̀. Ó yá, jẹ àmàlà rẹ, ó ti ń tutù.